Ẹni Tí Yóò Gba Ìṣọ́ Lọ́wọ́ Bàbá

Bí òjò bá ti ń ṣú láti apá Òṣòdì, bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ọkọ̀ akẹ́rù ojú òkun ló bá ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì sí Ṣógúnlé. Nínú ọkọ̀, ẹni tó bá wà nídìí ìṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí sínú ìwé lọ́ọ̀gì: afẹ́fẹ́, òjò, ibi tí wọ́n dé. Bàbá gbé àṣà náà wálé. Láràárọ̀, á dúró sí bákóńì, á kọ ọ́ pé: "Òjò ṣú. Ọkọ̀ òfuurufú kọjá lórí ilé. Ìyá onílé ń bínú."

Ìyá mi á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ilé yìí ò sí lórí omi o!" Àwa ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Ayé dùn nígbà náà.

Nígbà tó yá, iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó gbà pé inú ọkọ̀ lòun ṣì wà. Á di irin bákóńì mú, kò ní jókòó, kò ní wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Dókítà ní bí kò bá sinmi, a máa pàdánù rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Ẹni tó máa gba ìṣọ́ lọ́wọ́ mi ò tíì dé." Èmi tí mi ò ní sùúrù tẹ́lẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á wọlé tipátipá.

Ibi tí mo ti ń kùn ni mo ti rántí ohun tó máa ń sọ fún wa ní kékeré: wọn kì í fi ẹnu lásán kúrò nídìí ìṣọ́. Ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ka ìwé, kó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó sì sọ pé òun ti gbà á. Mo mú báírò, mo jáde, mo dúró ṣánṣán. Mo ka ohun tó kọ sókè ketekete, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Sà, mo ti gbà á."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Máa ṣọ́ atẹ́gùn yẹn o." Ó wọlé, ó sùn fọnfọn. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń gbà á.

Lọ́jọ́ tí Bàbá dákẹ́, mo ti lọ ra oògùn rẹ̀ ní Àgọ́ Palace. Nígbà tí mo dé, ìwé náà wà ní ṣíṣí lórí àga, ẹnikẹ́ni ò tíì gbà á. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì dúró sí bákóńì. Àwọn aládùúgbò ní kí n wọlé, mo di irin bákóńì mú.

Ìyá mi jáde. Ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó ka ìwé náà, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Mo ti gbà á," ó ní. "Wọlé, ọmọ mi."