Ọkùnrin Tó Wá Béèrè Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi

Iṣẹ́ òru ni mo ṣe lọ́sibítù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì náà nígbà tí ẹnìkan tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ní Accokeek, ìgbèríko Maryland ní Amẹ́ríkà níbi tí à ń gbé, ènìyàn kì í ṣèèṣì yà sílé ẹni. Igbó ló wà láàárín ilé kan sí èkejì. Mo ṣílẹ̀kùn. Òyìnbó àgbàlagbà kan ló dúró níbẹ̀, oòrùn ti sun ọrùn rẹ̀ pupa, ìwé kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, tó wà ní yunifásítì, ó béèrè bóyá èmi ni ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló ṣe ọmọ mi?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, màdáámù. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo bá wá."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀? Ó dá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bésíbọ́ọ̀lù jẹun ló ń rán òun káàkiri láti wá àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá. Ó ní ọdún méjì lòun ti ń wo ọmọ mi, àti pé nínú gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá lágbègbè yìí, òun ò tíì rí ẹni tó lẹ́sẹ̀ bí tirẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ti ṣi ilé. Famasí lọmọ mi ń kọ́." Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un, kó tó wọ yunifásítì, pé kó jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù, ọmọ náà sì ti dáhùn pé, "Yes, sir."

Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀. Ó pe orúkọ ìdílé wa, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ wa ni. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó wá ń bi mí bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórúnkún rí, bóyá ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Ó ní, "Ta ló mọ eré sá nínú ìdílé yín?"

"Kò sí," ni mo wí. "A kì í tètè dé ibikíbi."

Ó ní wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá yunifásítì láago mẹ́ta ọjọ́ náà, kí n wá fojú ara mi rí i. Mo wọnú ọkọ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo tó rí i pé bàtà inú ilé ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mo rí ọmọ mi lókèèrè nínú aṣọ funfun, ó dá dúró lẹ́yìn pápá. Ẹnìkan fi igi lu bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà sì lọ sókè réré, ó kọjá orí rẹ̀. Ọmọ mi kẹ̀yìn sí i, ó fi eré sí i, eré tí mi ò mọ̀ pé ara ènìyàn lè sá. Ó na ọwọ́ láìwẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù bọ́ sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Jésù!" ni mo kígbe.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹnìkan ké lẹ́bàá wáyà tó yí pápá ká, "Ọmọ mi nìyẹn! Ọmọ mi!" Yorùbá ni. Mo yíjú. Ọkọ mi ni, tó sọ fún mi láàárọ̀ pé ìpàdé wà ní ọ́fíìsì. Ó de táì, ó dé fìlà bésíbọ́ọ̀lù, ẹ̀pà kún ọwọ́ rẹ̀. Òun, wọ́dìnì ṣọ́ọ̀ṣì wa! Mi ò rí i kó pariwo báyìí rí.

"Dádì!" ni mo pè é.

Ẹ̀pà dànù. "Ìwọ náà dé?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó má gbá a mọ́?"

Ó wolẹ̀. "Mo gbọ́ pé kò fi í sílẹ̀, mo wá láti bá a wí. Mo débẹ̀, ó ń sáré. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ máa ń wá?"

"Kò mọ̀. Ẹ̀yìn igi ńlá tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni mo máa ń jókòó sí, òní ni mo gbàgbé ara mi."

Òyìnbó náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ṣé ọkọ yín nìyí? Láti ọdún méjì yìí ló ti ń bi mí pé báwo ni eré ọmọ yẹn ṣe yá tó, kò sì sọ pé òun ló bí i!"

Nígbà tí wọ́n gbá a tán, ọmọ wa rí àwa méjèèjì lẹ́bàá wáyà. Ó dúró gbagidi. Ó ní, "Mommy, I swear, I still go to class."

Ẹgbẹ́ tó rán òyìnbó náà mú un lóṣù kẹfà pé kó wá máa gbá a fún àwọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ parí ìwé, ó ní kí n fún òun láyè ọdún díẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi gbá a fún àwọn ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ wọn káàkiri àwọn ìlú kéékèèké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò já a kulẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù níbẹ̀ mọ̀ ọ́n jù kó yà bàrà, igi tó fi ń lù ú kì í sì í bà á. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó padà sí famasí, ó sì parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti tán lọ́kàn mi. Ti bàbá rẹ̀ ni kò tíì tán. Ọdún méjì gbáko, ọkùnrin tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi láti wo ọmọ rẹ̀.