Òdòdó Pupa Abẹ́ Igi Màngò

Nígbà tí àwọn ẹbí mi ní Lagbé pinnu láti ṣán igbó bàbá mi kí wọ́n lè gbin ọ̀pẹ síbẹ̀, mi ò bá wọn jà. Obìnrin ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílé ọkọ ní Ifangni, ta ni yóò gbọ́ tèmi? Mo kàn mú ọkọ́ kékeré, mo lọ wú irú òdòdó kan níbẹ̀ kí àdá wọn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá mi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀. Òdòdó àkọ́rọ̀ ló máa ń pè é, nítorí pé bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ló máa ń yọrí láti inú ilẹ̀, pupa, ribiti, ó tó orí ọmọ ìkókó, kí ewé rẹ̀ tó jáde rárá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé á kú, iṣu rẹ̀ tó dà bí àlùbọ́sà á sì máa sùn nínú ilẹ̀. Mẹ́ta ni mo rí wú. Mo gbìn wọ́n sí abẹ́ igi màngò ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí oòrùn kì í dé. Ohun tó ṣẹ́kù fún mi nínú igbó bàbá mi nìyẹn.

Mo gbàgbé pé ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Kò sí àárọ̀ tí Ìyá kì í gbálẹ̀. Lójú tirẹ̀, àgbàlá tí ewé kan bá wà nínú rẹ̀, àgbàlá ọ̀lẹ ni. Òdòdó igbó sì rèé, abẹ́ ewé jíjẹrà ló fẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí ewé wọn kú, Ìyá ń fi ìgbálẹ̀ ha abẹ́ màngò náà lójoojúmọ́ títí orí àwọn iṣu náà fi hàn síta. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó má gbálẹ̀ mọ́, nítorí òdòdó tí kò ṣeé jẹ?

Mo bá dọ́gbọ́n. Mo ń jí ṣáájú rẹ̀, mo ń gbálẹ̀, mo sì ń fi ewé bo abẹ́ màngò. Bí ó bá jáde, màá kúnlẹ̀ kí i, màá ní, "Ẹ lọ jókòó, Ìyá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Àwọn aládùúgbò ń yìn mí pé ìyàwó rere ni mí. Mo gba ìyìn náà, ojú ò tì mí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ìyá ò sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Ọkọ mi fi Faransé sọ pé, "Bon, c'est l'âge. Ọjọ́ orí ni. Ara ń dara àgbà ni." Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a níbi tó ti ń di ẹrù. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin ní Daagbé.

"Ìyá, kí ni mo ṣe?"

Kò wojú mi. "O ò ṣe nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń gbálẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sóko ló ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí o ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ kú ìjókòó ni wọ́n ń kí mi. Ṣé aláìsàn ni mí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: igbó, iṣu mẹ́ta, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mi.

"Òdòdó?" ni Ìyá wí. "Ìyàwó mi, nítorí òdòdó lo ṣe fẹ́ sọ mí di òkú ààyè? Ṣé mi ò létí ni? Kí ló dé tí o ò sọ?" Ó bú mi dáadáa, ó sì tú ẹrù rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbálẹ̀, abẹ́ màngò ló sì ń kó ewé dà sí. Ó máa ń tò ó yípo, ó ní bí ìdọ̀tí bá tiẹ̀ máa wà, kó wà létòlétò.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Ìyá pariwo pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Òdòdó ti yọ, ẹyọ kan péré. Mo fọwọ́ wá ìdí àwọn méjì yòókù. Wọ́n ti gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ṣé torí méjì tó kú ni?"

"Rárá, Ìyá. Ká ní ẹ ti lọ sí Daagbé ni, èmi nìkan ni ǹ bá dúró síbí."

Ìyá fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú kó má baà ṣubú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wo òdòdó náà pẹ́.