Ọ̀rọ̀ Tó Fi Pẹ́ńsù Kọ

Kọ-ọ́-sílẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́ omi. Bí ènìyàn bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní á kọ́kọ́ wo aago kó tó kí onítọ̀hún. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń tọ́jú ẹ̀rọ méjì tó ń fa omi lọ sílé ìwòsàn. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, á gbé ọwọ́ lé wọn lára, á tẹ́tí sí ìró wọn, á sì fi bírò kọ ohun tó rí sínú ìwé ńlá. Òun kò lọ sílé ìwé gíga. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló lọ, òun ló sì rán an. Nígbà tí àbúrò náà wá di ẹnjiníà níbi iṣẹ́ omi náà, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn.

Ẹ̀rọ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ìyẹn ná. Bí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ ó wá fi bírò tẹ̀ ẹ́."

"Láti ìgbà wo la ti ń fi pẹ́ńsù ṣiṣẹ́ níbí?"

"Ha! Ẹ̀gbọ́n, àní èmi ni mo sọ ọ́."

Nítorí pé àbúrò rẹ̀ ló sọ ọ́, ó gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ló kọ ọ́ pé: ẹ̀rọ kejì ń gbóná, ó ń ké, kí a dá a dúró. Àbúrò kà á, ó mi orí, kò dá nǹkan kan dúró. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ náà gan. Ẹyọ kan tó kù ò lágbára tó, ilé ìwòsàn ò sì rí omi lò fún ọjọ́ méjì.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó. Bí wọn ò bá rí ìkìlọ̀ kankan nínú ìwé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Alága ṣí ìwé. Ibi tó fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ náà sí mọ́ tónítóní; wọ́n ti pa á rẹ́. Yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kò ju ẹnì kan lọ.

"Ìyá, níbo lẹ kọ ìkìlọ̀ sí?"

"Ibẹ̀ yẹn náà ni, sà. Pẹ́ńsù ni. Ẹnjiníà ló ní kí n lò ó."

Ẹnjiníà ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Rárá, sà. Ẹ forí jì wọ́n. Àgbà ti ń dé sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Obìnrin náà na ọwọ́, ó pa ìwé ńlá náà dé. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ọmọ yẹn fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní kó má wá mọ́ láti ọ̀la.

Àbúrò sáré bá a níta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọdún méjì péré ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé."

Ó wọ ọkọ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ilé ìyá wa ni kó o gbé mi lọ. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé mo ti ń gbàgbé nǹkan. Màá jókòó tì ọ́."

Àbúrò mú kọ́kọ́rọ́ dání, kò lè ṣáná sí ọkọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n…"

Obìnrin náà ń wo iwájú.