Ọjọ́ Tí Ìyá Páìpù Ti Omi Ilé-ìwé Pa

Ọmọ mẹ́ta ni Ìyá Páìpù bí, kò sì sí èyí tó fẹ́ jogún sípánà rẹ̀ nínú wọn. Àkọ́bí ń tẹ kọ̀ǹpútà, èkejì ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, àbíkẹ́yìn sì ti búra pé òun ò ní fọwọ́ kan ibi tí ẹlòmíràn fìdí kàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyá wọn ti fi ń tún páìpù omi ṣe. Ẹnu ò rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ò rẹ̀ ẹ́, orúnkún nìkan ló ń ráhùn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ báséènì báyìí, àdúrà ló ń gbé e dìde. Ó ti wá sọ fún Ọlọ́run pé bí òun kò bá rí ọmọbìnrin kan kọ́ níṣẹ́ kí ọdún yìí tó parí, òun á ti ṣọ́ọ̀bù.

Ìdí nìyẹn tó fi tètè dé lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin ní kí àwọn obìnrin oníṣẹ́ wá tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà. Àwọn mẹ́ta tó kù ni dókítà, lọ́yà àti ọ̀gá báńkì kan tí bàtà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Wọ́n fún kálukú ní tábìlì nínú gbọ̀ngàn, kí ọmọ lọ bá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wù ú.

Àwọn ọmọ bo dókítà bí èèrà ṣe ń bo ṣúgà. Iwájú lọ́yà kò gba ẹsẹ̀. Lórí tábìlì Ìyá Páìpù, páìpù mẹ́rin ń wo ara wọn lójú.

Nígbà tó yá, ọmọ kan yà síbẹ̀.

“Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, tábìlì àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú dà?”

“Wọn ò tíì balẹ̀,” Ìyá Páìpù dá a lóhùn.

Lọ́yà bá a kẹ́dùn láti ọ̀ọ́kán. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ́mì. Iṣẹ́ ọwọ́ ò wọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí lójú mọ́.”

“Á wọ̀ wọ́n lójú, àbúrò mi. Ojú ni ò tíì pọ́n wọn.”

Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló gbà lọ síbi fáàfù, irin roboto tí wọ́n fi ń ti omi gbogbo ilé-ìwé. Ó wọ̀tún, ó wòsì. Ó wòkè pẹ̀lú, torí onígbàgbọ́ ni.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibòmíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.”

Ó yí fáàfù náà títí kò fi lọ mọ́. Ó padà sí ìjókòó, ó káwọ́ lé itan bí ìyàwó pásítọ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá báńkì fi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde, tó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú, tí ọṣẹ ń hó lọ́wọ́ rẹ̀. “Omi lọ o!” Dókítà, tó wà lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, sún sẹ́yìn fún un. Ọ̀gá ilé-ìwé sáré wọlé. “Ìyá Páìpù, ẹ gbà wá!”

“Ta ló fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wá omi tó sọnù?” Ìyá Páìpù bèèrè.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ọmọ tínínrín kan gba báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ gbé. Ìyá Páìpù ní kí lọ́yà bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú, lọ́yà sì dì í mú, lọ́sàn-án gangan. Ó ń fi etí ti páìpù, ó ń fi sípánà kàn án kóókóó, ó ń ṣe “hùn-ùn” bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Òun àti ọmọ tó gbé báàgì ló kọ́kọ́ yọ sí fáàfù, torí bàtà ọ̀gá báńkì ti rì sínú iyẹ̀pẹ̀, àwọn tó kù sì ń fà á yọ. Ìyá Páìpù dúró gbagidi. Àkísà pupa kan wà lọ́rùn fáàfù, kókó méjì! Bó bá ti ti omi ilé kan, ó máa ń so àkísà pupa mọ́ ọn kí ẹlòmíràn má baà ṣí i nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Ọwọ́ rẹ̀ ti so ó kí orí tó mọ̀. Ìyókù aṣọ náà sì ń yọjú nínú báàgì.

Ọmọ náà wo fáàfù, ó wo báàgì, ó wo Ìyá Páìpù. Ó tú kókó méjèèjì, ó ki àkísà bọ àpò, kí èrò tó dé.

“Wọ́n ti fáàfù yìí ni o!” ló pariwo.

Ìyá Páìpù ṣí i, omi dé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ mọ́kànlá ló wá jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Ọmọ tínínrín yẹn dúró di ìgbẹ̀yìn.

“Àkísà yín wà lọ́wọ́ mi, mà.”

“Kí lo fẹ́?”

“Kí ẹ kọ́ mi níṣẹ́, gbogbo Sátidé. Mi ò sì fẹ́ fi ilẹ̀ gbígbá bẹ̀rẹ̀ o. Sípánà ni kí ẹ kọ́kọ́ kó lé mi lọ́wọ́.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ pé kí èèyàn máa halẹ̀ mọ́ àgbà ò dáa?”

“Mo mọ̀, mà. Kí àgbà máa ti omi mọ́ ọmọ ilé-ìwé ńkọ́?”

Ìyá Páìpù rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú.

Ní Sátidé, aago méje ò tíì lù tí ọmọ náà fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ lọ ṣe, òun ló rá wọ abẹ́ báséènì. Ọ̀gá rẹ̀ jókòó lórí àga, ó ń fi ẹnu darí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Páìpù tọrọ àforíjì fún omi tó tì pa. Ó tún dúpẹ́ fún ọmọ tí Ọlọ́run fún un. Ó rí i dájú pé òun kò gba àdúrà méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má baà pàdé ara wọn lójú ọ̀nà ọ̀run.