Ìwẹ̀ Ọmọ Tó Dáwọ́ Dúró Nílé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Huntstown, ní Dublin lórílẹ̀-èdè Ireland, òórùn òrí àti ọṣẹ dúdú ló máa ń gba ilé wa kan láràárọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi, Tóbi, ìyá bàbá mi tó bá wa wá láti Ìsẹ́yìn ló sì ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Dublin, ẹ mọ irú ìwẹ̀ tí mò ń wí. Kì í ṣe ti inú báàfù, tí wọ́n á kàn rọra da omi sí ọmọ lára bí ẹni ń fọ tánganran.

Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ Tóbi sí i, wọ́n á fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé òrí sí ẹ̀gbẹ́ hítà kó lè yọ́. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná tẹ orí ọmọ kó lè rí róbótó, wọ́n á fa apá, wọ́n á fa ẹsẹ̀, wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á sì máa kì í lọ: Àkànní, ọmọ lágbájá, ọmọ tàmẹ̀dù. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ orúkọ àwọn bàbá ńlá mi. Wọ́n ní ọmọ tí wọn ò bá wẹ̀ dáadáa, òógùn rẹ̀ á máa rùn tó bá dàgbà. Mo gbà wọ́n gbọ́ débi pé tí ọmọkùnrin kan bá ń rùn ní kíláàsì wa, ìyá àgbà rẹ̀ ni mo máa ń bú nínú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn ìkókó wò nílé dé, Màmá mi sì mú un wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń fa apá Tóbi, tí ọmọ ń ké tantan. Obìnrin náà figbe ta. Ìyá àgbà rò pé ó ń yìn wọ́n ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ju ọmọ sókè.

Nọ́ọ̀sì gba Tóbi, ó yẹ gbogbo oríkèé ara rẹ̀ wò. "Grand, he's grand," ló ń wí, pé kò sóhun tó ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun máa ní láti sọ fún ọ̀gá òun.

Bó ṣe lọ tán, Màmá mi yíjú sí ìyá àgbà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn Social, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn o!"

"Ọwọ́ yìí náà ló wẹ ọkọ ẹ," ni ìyá àgbà wí.

Ẹ wo ìdààmú! Bí mọ́tò bá ti dúró níwájú ilé, Màmá mi á gbé Tóbi sáré gun òkè. Èmi náà ò lè jẹun nílé ìwé. Mo ń rò pé n kò ní bá àbúrò mi nílé mọ́. Kò sẹ́ni tó wá níkẹyìn. Ṣùgbọ́n báàfù ni wọ́n ń wẹ Tóbi sí látìgbà náà, ìyá àgbà á jókòó sí yàrá, wọ́n á máa gbọ́ ìró omi. Inú bí mi sí Màmá mi títí ìyá àgbà fi kú.

Láìpẹ́ yìí, èmi náà bímọ. Mo lọ ra òrí àti kànrìnkàn ní Parnell Street, mo ní kí Màmá mi kọ́ mi, torí àwọn nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. Mo ní irọ́ ni.

"Wọ́n á gba ọmọ ẹ, Bùkọ́lá. O ò mọ àwọn èèyàn yìí."

"Mummy, it's grand. A ò ní jù ú sókè. Nobody's taking anybody."

Màmá mi jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n gba ọmọ. "Kọ́kọ́ lọ tilẹ̀kùn," ni wọ́n wí.

Nígbà tí a ò tíì gba ìwé ìgbélùú, tí wọ́n lè lé wa lọ nígbàkígbà, ilẹ̀kùn wa kì í tì, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń ki Àkànní. Lónìí a ti di onílùú, mo ń ṣiṣẹ́ ní Damastown, mo ń dìbò. Mo fẹ́ bá Màmá mi jiyàn. Mo wo ọmọ mi lórí ẹsẹ̀ wọn, àyà mi já. Mo dìde, mo tilẹ̀kùn, mo fa kọ́tìnnì. Ìgbà náà ni Màmá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ mi, wọ́n ń rọra sọ ọ́ sí i létí.