Ọjọ́ Tí Mo Sọ Ọrọ̀ Di Ọ̀rọ̀

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá mi bi mí nígbà tí mo gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì. Ṣé kí òun kó owó òun lọ sí Ìlọrin báyìí, àbí kí òun ṣì ní sùúrù?

Télọ̀ ni bàbá mi. Kalley, àdúgbò kan ní Niamey, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ní Ìlọrin, ó ní ilé oníyàrá mẹ́fà kan tí ògiri rẹ̀ ti dúró tán, ṣùgbọ́n tí kò ní òrùlé. Owó pàánù náà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, sẹfa, owó tí wọ́n ń ná ní Niamey, ni gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ lọ lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ nínú ilé yẹn.

"Ìwọ lo kàwé nípa bí ìlú ṣe ń là àti bí ó ṣe ń tòṣì," ni ó wí. "Sọ fún mi."

Ìgbà náà, Niamey ti le. Nígbà tí owó kùsà tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ṣì ń wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí Iléyá bá ku oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni kùsà kò níye lórí mọ́ lójú àwọn tí ń rà á, owó oṣù sì di ìròyìn tí a ń gbọ́ nínú rédíò. Ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ni kò wọ́n. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, orin tirẹ̀, àti aṣọ ọ̀fẹ́ tí wọ́n tẹ ojú olórí wọn sí. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó ń jókòó lé ojú olórí mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Èmi ní tèmi, ọdún mẹ́fà ni mo fi ka ìwé ọdún mẹ́rin, nítorí ìyanṣẹ́lódì. Púpọ̀ nínú rẹ̀, odò ni mo ń wò ní Lamordé, níbi tí yunifásítì wà. Síbẹ̀ mo mọ ohun tí ó ń mú orílẹ̀-èdè gòkè, mo mọ̀ ọ́n ní èdè Faransé. Kò sí ojú ìwé kankan tí ó sọ ohun tí télọ̀ kan ní Kalley yẹ kí ó fi àpótí rẹ̀ ṣe. Dípò kí n jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé fún gbogbo ará ilé papọ̀."

Báyìí ni àwa ọmọ Yorùbá ṣe pé jọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, nínú àgbàlá ẹnìkan ní àdúgbò Talladjé. Àwọn ará Ìlọrin jókòó sórí ẹní, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo wọ kóòtù, mo so táì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ORO AWON ORILE-EDE sára pátákó, láìsí àmì ohùn kankan, nítorí n kò mọ ibi tí à ń fi í sí. Niamey ni wọ́n bí mi sí. Zarma ni mo sọ ní àdúgbò, Faransé ni mo sọ ní ilé ìwé, Yorùbá tí mo gbọ́ dáadáa kò ju ti ìbáwí lọ.

"Ẹ̀yin àgbà," ni mo bẹ̀rẹ̀, "kí ló dé tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, tí àwọn mìíràn kò sì ní ọ̀rọ̀ rárá?"

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá kan tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò na ọwọ́ sókè.

"Akọ̀wé, jọ̀ọ́, orílẹ̀-èdè wo ni kò ní ọ̀rọ̀? Kí a kó lọ síbẹ̀, kí etí wa sinmi."

Ẹ̀rín sọ. Mo rò pé wọ́n gbádùn ẹ̀kọ́ ni. Mo ń bá a lọ. "Bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀, ìlú ò ní gbérí."

"Òótọ́ ni!" ni ìyá kan tí ń ta abọ́ wí. "Àwọn náà ló wà nínú rédíò láti àárọ̀!"

"Ẹ kó ọ̀rọ̀ yín lọ sí báńkì…"

"Háà! Báńkì wo ló ń gba ọ̀rọ̀?" ni bàbá tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò náà kígbe. "Kí n yáa gbé ìyàwó mi lọ!"

"Ẹ kọ́kọ́ gbé ara yín lọ ná," ni ìyá alábọ́ dá a lóhùn.

Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"Ọrọ̀ ni o fẹ́ sọ, ọmọ mi," ni ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. "Ọrọ̀. Mo ti gbọ́ ọ. Kí ni kí n ṣe?"

Ojú tì mí, ìtìjú náà sì sọ mí di aláriwo. Mo fa ìlà kan sára pátákó. Mo ní náírà ń já lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n sẹfa so mọ́ owó Faransé, kò lè mì. "Ẹ dúró di ìgbà òjò, Bàbá. Pàánù tí ẹ máa rí rà yóò tún pọ̀ sí i." Ìlà mi gòkè títí ṣọ́ọ̀kì fi tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá mi ti gba àyè nínú ọkọ̀ tí ń lọ sílé lọ́sẹ̀ náà. Ó fi àyè náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kò tó oṣù kan, ọyẹ́ kò tíì lọ, rédíò kéde pé wọ́n ti gé sẹfa sí ìdajì. Bàbá mi gbọ́ ọ ní Hausa, ó gbọ́ ọ ní Zarma, ó wá ní kí n gbọ́ ọ ní Faransé, bóyá ó kéré níbẹ̀. Ìdajì náà ni ní Faransé.

Ó gbé àpótí lọ sí Ìlọrin. Nígbà tí ó padà, ó ní òun ti kan pàánù sórí yàrá mẹ́ta. Ó jókòó ti maṣíìnì rẹ̀, ó sì ń ránṣọ lọ. Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, ǹ bá gbọ́, nítorí ìyẹn ni Yorùbá tí mo gbọ́ jù.

Maṣíìnì yẹn ni ó ṣì ń lò títí ó fi kú ní Kalley. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ wo ilé náà. Àwọn ayálégbé wà nínú yàrá mẹ́ta. Nínú àwọn yàrá tí kò ní òrùlé, igi ìbẹ́pẹ kan ti ga ju ògiri lọ.

"Bùrọ̀dá," ni ìyá kan nínú àwọn ayálégbé bi mí, "ìgbà wo lẹ máa parí rẹ̀?"

"N kò mọ̀," ni mo wí.