Orí Tí Ọwọ́-Ẹ̀sọ̀ Kò Fá

Bí eṣinṣin bá bà lé orí tí Ọwọ́-Ẹ̀sọ̀ onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú kí ó tó rántí pé òun ní ìyẹ́. Wọ́n ní oníbàárà rẹ̀ kan jáde lọ́sàn-án gangan, ni awakọ̀ kan bá tẹ bíréèkì lójijì, ó rò pé iná ọkọ̀ mìíràn ló ń bọ̀ níwájú. Ẹ má bá mi jiyàn. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni gbogbo irọ́ ìlú ti ń dàgbà.

Ohun tí kì í ṣe irọ́ ni òfin rẹ̀. Láràárọ̀, kí ó tó ṣílẹ̀kùn, Ọwọ́-Ẹ̀sọ̀ á jókòó sórí àga oníbàárà, á kọjú sí dígí, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á wá máa bi ara rẹ̀ léèrè bí ẹni ń bi ọmọ tó jí ẹran ọbẹ̀ jẹ: ta ló bí ọ nínú? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Bí ọwọ́ bá dúró ṣinṣin, iṣẹ́ yá. Bí ó bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, abẹ ti di èèwọ̀ nìyẹn, ìgbálẹ̀ ló kàn. Á gbá ṣọ́ọ̀bù, á gbá ojúde, á gbá a dé iwájú ilé onílé, títí ọkàn rẹ̀ á fi rọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi òfin náà lé e lọ́wọ́, pé orí ènìyàn kì í ṣe igbá tí a lè so pọ̀ bó bá fọ́, kí ó mọ ara rẹ̀ kí ó tó gbọ́wọ́ lé orí ẹlòmíràn. Ọ̀gá báńkì kan ti jókòó dè é láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, nítorí pé Ọwọ́-Ẹ̀sọ̀ àti onílé rẹ̀ ti jà lárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gá báńkì ò lọ. Ta ni yóò gbé orí rẹ̀ fún ẹni tínú ń bí?

Kò síbi tí òfin yìí ti já a kulẹ̀ rí, àfi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀.

Àìsàn ńlá ló gbé ìyàwó náà dé ilé ìwòsàn. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ló ń hú irun rẹ̀, irun tó jẹ́ pé bí ó bá tú u, ó lè fi bora sùn. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ ló ń kó o lórí ìrọ̀rí. Ó wá ránṣẹ́ pé kí ọkọ òun mú kílípà wá. Ó ní òun ò fẹ́ kí àìsàn máa jẹ irun òun díẹ̀díẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó sùn. Bó bá máa lọ, kí ó gba ọwọ́ ọkọ òun lọ.

Ọkọ dé, ó tan kílípà, ọwọ́ gbọ̀n. Ó pa á. Ó ní ọwọ́ òun ò dáa lónìí. Ló bá wá ìgbálẹ̀ kàn. Ó gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbá gbogbo wáàdì, ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí àwọn tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀ fi lọ fẹjọ́ sùn pé ọkùnrin kan fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ọkọ tún padà wá, bákan náà ni. Àwọn méjèèjì mọ ìdí rẹ̀: bí irun yẹn bá kúrò lórí, àìsàn náà ti di òótọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó wí i.

Nígbà tó tún pa kílípà lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Olówó orí mi,” ó ní, “orí tí ẹ sanwó lé rèé, ẹ ò wá lè fá a?”

Ọkọ ní òfin òun ni. Bí òun bá gé e lára ńkọ́?

“Gbogbo orí tí ọwọ́ yín kì í gbọ̀n lé, orí ẹni tí ẹ ò fẹ́ràn ni. Ẹ fi èyí tó ń gbọ̀n yẹn fá tèmi. Bí ẹ bá gé mi, mà á mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

“Ó di lọ́la, aya mi,” ni ọkọ wí. “Jẹ́ kí n lọ múra ọwọ́ yìí sílẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ dúró. Ó nà án síwájú dígí, kò mì, àfi bí ẹni pé wọ́n fi símẹ́ńtì rì í. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi epo sí kílípà, ó ká aṣọ funfun tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò, ó ń sáré lọ bí ọkọ ìyàwó tuntun. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ obìnrin ló bá lẹ́nu ọ̀nà wáàdì, ó káwọ́ lérí. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọwọ́-Ẹ̀sọ̀ ò sunkún. Ó ṣí aṣọ náà dé ọrùn, ó tẹ́ tirẹ̀ sábẹ́ orí, ó mú kílípà jáde. Ó ń ṣàlàyé pé àwọn ti jọ sọ ọ́, pé òní làwọn fi àdéhùn sí. Ẹ̀gbọ́n rọra di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Àna mi, ẹ gbé e sílẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.”

Ó wo ẹ̀gbọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí i, kí ó lè rí i pé kò gbọ̀n.

Ó pẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Nígbà tó ṣí, ìròyìn ti kálẹ̀ pé iṣẹ́ Ọwọ́-Ẹ̀sọ̀ ti bàjẹ́, àwọn oníyẹ̀yẹ́ sì ní kí ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ mú nọ́ọ̀sì dání. Ó ṣì ń jókòó síwájú dígí láràárọ̀, ó ṣì ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ojoojúmọ́ ni ọwọ́ ń gbọ̀n, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó, ó rí ọwọ́ náà nínú dígí, ó mí sókè. “Bàbá, ọwọ́ yín mà ń gbọ̀n.”

“Mo mọ̀,” ni Ọwọ́-Ẹ̀sọ̀ wí. “Tẹ orí ẹ síwájú.”

Ó fá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu ẹyin. Síbẹ̀, ó gé e díẹ̀ lẹ́yìn etí. Ó fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá, kò sì yára yọ ọwọ́.